Orí Kẹta: Ọ̀rọ̀-Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì Inú Ilé, Inú Ọjà àti Ẹnubodè

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré kò le: “dog” ni ajá, “goat” ni ewúrẹ́, “book” ni ìwé. Tíṣà á pè é, àwa náà á pè é tẹ̀lé e, títí tí yóò fi wọ orí. Ọ̀nà yìí dára fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Ìwé tí a pè ní “book” yẹn, òun náà là ń pe tákàdá tí kò tíì sí àkọsílẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Òun là ń pe lẹ́tà tí ẹnìkan kọ ránṣẹ́ láti Èkó. Bí a bá sì ní lágbájá mọ̀wé, ẹ̀kọ́ tó ní là ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀: “book”, “paper”, “letter”, “education”. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ nínú ìdánwò pé “I wrote my father a book”, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà ló kọ sí bàbá rẹ̀, kì í ṣe olódo. Ohun tó há sórí ló ṣì í lọ́nà.

Ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ààlà, bí ilẹ̀ oko ṣe ní ààlà, ibi tí ilẹ̀ “ìwé” parí sí kì í sì í ṣe ibi tí ilẹ̀ “book” parí sí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá pàdé orúkọ tuntun lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má kàn béèrè Yorùbá rẹ̀ kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ béèrè ohun tó kó mọ́ra àti ohun tó yọ sílẹ̀. Gbogbo orí yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni a ó máa fi yẹ àwọn nǹkan tó yí wa ká wò, ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ, títí dé Ìdí-Ìrókò.

Ara wa àti ẹbí wa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara. Láti èjìká títí dé èékánná, ọwọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì gé e sí méjì ní ọrùn ọwọ́: apá òkè ni “arm”, ibi tí a fi ń di nǹkan mú ni “hand”. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ rí. Láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀ ni “leg”, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ ni “foot”. Ìka ọwọ́ ni “finger”, ìka ẹsẹ̀ ni “toe”, orúkọ méjèèjì kò sì jọra rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ni Yorùbá pe àwọn méjèèjì. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ìdánwò. Bí ìṣó bá gún àgbẹ̀ kan ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó dé ọsibítù tó bá dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, tó sì ń wí pé “my leg, my leg”, ojúgun àti orúnkún ni dókítà yóò kọ́kọ́ máa tẹ̀ wò. “Foot” ló yẹ kó sọ.

Ẹran ni a tún máa wò dáadáa, nítorí ó lẹ́yìn. Ẹran ni èyí tó so mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹran náà ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Fún Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń mí ni “animal”, èyí tí a pa ni “meat”. Kò tán síbẹ̀. Màlúù tó ń jẹ̀ ni “cow”, ẹran rẹ̀ nínú àwo ni “beef”. Ẹlẹ́dẹ̀ ni “pig”, ẹran rẹ̀ ni “pork”. Àgùntàn ni “sheep”, ẹran rẹ̀ ni “mutton”. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn. Ní ọdún 1066 ni àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì jọba lé wọn lórí. Faransé ni èdè àwọn aláṣẹ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé sì wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìjọba. Orúkọ ẹranko tó wà láàyè dúró bí ó ti wà, ṣùgbọ́n èyí tó dé orí tábìlì gba orúkọ Faransé. Ọmọ tó bá lọ sí ilé ìwé ní Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀, ní òdìkejì ẹnubodè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé, yóò dá “bœuf”, “porc” àti “mouton” mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Eku náà nìyí: kékeré inú àjà ni “mouse”, ńlá ni “rat”. Ọ̀yà tí wọ́n máa ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, “grasscutter” là ń pè é ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Ẹ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó mọ ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ “cane rat”, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni ọkàn tirẹ̀ lè lọ sí.

Ní ti ẹbí, ohun tí Yorùbá kà sí pàtàkì àti ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kà sí pàtàkì yàtọ̀. Yorùbá fẹ́ mọ ẹni tó dàgbà jù: ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ ọkùnrin tàbí obìnrin: “brother” tàbí “sister”. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àfi kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í, “elder brother” tàbí “elder sister”. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kì í sì í ṣe “brother” rẹ lójú Gẹ̀ẹ́sì, “cousin” rẹ ni. Ní àwọn ilé ìwé aládàáni wa, àǹkù àti àǹtí ni àwọn ọmọ ń pe tíṣà. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ẹ bá kọ “my uncle” sínú àròkọ, ẹ ti sọ fún òǹkàwé pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín tàbí ìyá yín ni, tàbí ọkọ àǹtí yín.

Ẹnìkan lè bi wá léèrè ìdí tí a fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì ní Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán irú rẹ̀ wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn: ẹni tí nǹkan bá yé ní èdè ìyá rẹ̀ ló ń mọ orúkọ tí yóò fún un ní èdè mìíràn.

Orúkọ tí a ti yá

Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́nu wa kí a tó dé ilé ìwé. Ìyá tí kò kàwé rárá ní Ayétòrò ń sọ pé táyà ti jò, pé tọ́ọ̀ṣì ti kú, pé sítóòfù ń rú èéfín. Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, kì í sì í fi í parí ọ̀rọ̀, nítorí náà a máa ń fi fáwẹ̀lì sáàárín àti sí ìparí: “bread” di búrẹ́dì, “block” di búlọ́ọ̀kù, “cement” di sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá fẹ́ pè é bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, kó yọ àwọn fáwẹ̀lì tí a fi kún un kúrò. Ìró kò le púpọ̀ bí ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a yá lè dé ọ̀dọ̀ wa kó yí ìtumọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ a ó ṣì máa rò pé Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ.

Ẹ wo mọ́tò. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó ń rìn lójú títì, mọ́tò ni lẹ́nu wa. “Motor” nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan ni, irú èyí tó wà nínú fáànù. Ọkọ̀ ni “car”, “bus” tàbí “lorry”, bí ó bá ṣe rí. Àwọn àgbà Ìlaròó mọ ojú irin tó yà láti Ìfọ̀, tó gba ìlú wọn kọjá lọ sí Ìdógò, rélùwéè sì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ lọ. “Railway” ni ojú irin náà àti gbogbo ètò rẹ̀. Ọkọ̀ tí èèyàn wọ̀ ni “train”. Bẹ́ẹ̀ náà, gílóòbù tó ń tàn nínú yàrá kì í ṣe “globe” fún ará Ìlú Ọba, “bulb” ni. “Globe” ni àwòrán ayé róbótó tó wà lórí tábìlì tíṣà jọ́gíráfì.

Èyí tí ó kan agbègbè tiwa jù ni kọ́sítọ́ọ̀mù. Lẹ́nu wa, kọ́sítọ́ọ̀mù ni ọ̀gá tó wọ aṣọ ìjọba tó dúró sí ẹnubodè. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó fara jọ ara wọn níbẹ̀. “Custom”, láìsí “s”, ni àṣà. “Customs”, pẹ̀lú “s”, ni owó ẹnubodè àti iléeṣẹ́ tó ń gbà á, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ni “customs officer”. “Customer” ni oníbàárà. Ẹni tó bá kọ “the custom seized our rice” ti kọ ọ́ pé àṣà ló gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì.

Ìmẹ̀kọ àti Kétu

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́. Wọn kò bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè. Ìlà náà gba àárín ilẹ̀ ọba Kétu kọjá: ìlú Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó la àwọn Ọ̀họ̀rí àti àwọn Ànàgó náà. Dahomey, tí í ṣe apá ti Faransé, gba òmìnira ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Dahomey sì di Benin ní 1975, ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò kúrò. Títí di òní, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àbúrò ń kọ́ Faransé, Yorùbá kan náà ni àwọn méjèèjì sì fi ń kí ìyá àgbà wọn.

Ẹ fojú inú wo irú ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, lásìkò ọlidé, tí wọ́n tẹ́ ìwé síwájú. Àbúrò tó ti Kétu wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ‘crayon’ yẹn.” Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí páálí tí àwọn ọ̀pá ìkunwòrán aláwọ̀ pupa, búlúù àti yẹ́lò wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi orí. Pẹ́ńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà ló ń tọ́ka sí. Kò sí ẹni tó ṣì í sọ nínú wọn. Lẹ́tà kan náà ni èdè méjèèjì fi kọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n “crayon” Faransé ni pẹ́ńsù, nígbà tí “crayon” Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀pá àbẹ́là aláwọ̀ tí a fi ń kun àwòrán.

Irú wọn pọ̀, ọmọ ẹnubodè sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n ju ọmọ Ìbàdàn lọ, torí ojoojúmọ́ ló ń rí wọn. Ẹni tó bá sọdá yóò rí “pain” tí wọ́n kọ sára ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì ni fún Faransé, ìrora ni fún Gẹ̀ẹ́sì. “Librairie” ni ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé, “library” ni ibi tí a ti ń yá ìwé kà láìsanwó. “Monnaie” ni ṣéńjì tí a gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, “money” ni owó lápapọ̀. “Journée” ni ọjọ́ kan láti àárọ̀ dé alẹ́, “journey” ni ìrìn àjò. “Chair” Faransé ni ẹran ara, “chair” Gẹ̀ẹ́sì sì ni àga tí ẹ jókòó lé.

“Essence” ló yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà ní òdìkejì, ẹ óò rí ìgò ńlá àti jálá tí bẹntiróò kún inú wọn lórí bẹ́ǹṣì onípákó, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì fi ń ti ilẹ̀ Nàìjíríà wọlé. “Essence” ni orúkọ bẹntiróò lédè Faransé. Ọmọ Ìlaròó tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé “essence” ni kókó ọ̀rọ̀ tàbí ohun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń kán sínú kéèkì. Bẹntiróò fúnra rẹ̀ ní ju orúkọ kan lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì: ará Ìlú Ọba ń pè é ní “petrol”, ará Amẹ́ríkà ní “gas”, àwa ní “fuel”. Ẹ fi ìbéèrè wa yẹ “fuel” wò. Ó kó bẹntiróò mọ́ra, ó kó dísù àti kẹrosíìnì, ó sì tún kó igi ìdáná àti èédú. Ìyá tó ń fi igi dáná ní Ìgàn Aládé náà ní “fuel”, bí kò bá tilẹ̀ ní mọ́tò.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó jọra. “Table”, “fruit”, “orange”, “page” àti “train” wà nínú èdè méjèèjì, ìtumọ̀ wọn sì bá ara mu. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù, ọjà àti kíkà

Ohunkóhun tí a dì tàbí tí a rù, ẹrù ni. Gẹ̀ẹ́sì á bi yín pé irú ẹrù wo. Èyí tí obìnrin rù láti oko ni “load”. Báàgì tí èrò ọkọ̀ kó dání ni “luggage”. Ẹrù inú ọkọ̀ òkun tàbí ọkọ̀ òfuurufú ni “cargo”. Ẹrù títà ni “goods”. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà: ibi tí a ń ná ni “market”, ohun tí a ń tà níbẹ̀ ni “goods”. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kún fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àti “smuggling” tí í ṣe fàyàwọ́, “contraband” tí í ṣe ẹrù tí òfin kò gbà wọlé, “duty” tí í ṣe owó tí a san lórí ẹrù. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹni tó ń gbé ẹnubodè tí kò mọ “duty” yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó di dandan fúnni yóò ka ìròyìn tó kan oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láìyé e.

Níbi kíkà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń pàdánù máàkì jù. Nínú Yorùbá, orúkọ kì í yí padà: ajá kan, ajá mẹ́ta, àwọn ajá. Nọ́ńbà tàbí “àwọn” ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ fúnra rẹ̀ ló ń yí, “one dog, three dogs”, kódà bí nọ́ńbà ti sọ iye tán. Etí wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ “s” ìparí yẹn, ọwọ́ wa a sì máa fò ó. Àwọn mìíràn kò gba “s” rárá, inú ni wọ́n ti ń yí: “foot” di “feet”, “tooth” di “teeth”, “mouse” di “mice”. “Child” gba “ren” sí ìparí, ó di “children”. “Sheep” kì í yí.

Àwọn kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì kì í kà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń pè wọ́n ní ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà. “Rice”, “bread” àti “soap” wà nínú wọn, a sì mọ bí a ó ti kà wọ́n, torí Yorùbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: àpò ìrẹsì méjì, kóńgò gaàrí mẹ́ta. “Two bags of rice” ni. Èyí tó ń ṣini lọ́nà ni “furniture”, “luggage”, “information”, “advice” àti “equipment”. Àga mẹ́fà wà níwájú yín, ó ṣeé kà, ṣùgbọ́n “furniture” kì í gba “s”, bó ti wù kí àga pọ̀ tó. Ní òdìkejì, “goods”, “scissors” àti “trousers” kì í bọ́ “s” sílẹ̀. Ṣòkòtò kan ṣoṣo, “a pair of trousers” ni. Kò sí ìdí kan tí ẹ lè fi ọgbọ́n orí wá rí fún èyí. Ẹ kọ́ ọ mọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí ẹ bá ti pàdé rẹ̀.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ fún

Nígbà tí Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ọwọ́ wa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn á dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ kankan. Làfún kì í ṣe “cassava flour” lásán, nítorí ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ sínú omi kó kan kí a tó sá a, kí a tó lọ̀ ọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe “mask”: ère orí wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, orin àti ìlù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Ní irú ibi báyìí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà bí ó ti wà, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láti Nàìjíríà wọlé, “okada”, “danfo” àti “tokunbo” wà lára wọn. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí ìlú òkèèrè kó tó di orúkọ ọkọ̀ àlòkù tó ń gba Kútọnu wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní Ìdí-Ìrókò lójoojúmọ́ ti di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ní Gẹ̀ẹ́sì, igi tó dúró nínú igbó, igi tí wọ́n là sí pákó, èyí tí a fi ń dáná àti èyí tí arúgbó fi ń tilẹ̀, orúkọ mẹ́rin ni wọ́n ní. Wá wọn, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan.

Ṣe irú rẹ̀ fún aago: èyí tó wà lára ògiri, èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́, àti èyí tí wọ́n ń lù ní ilé ìwé.

Tún àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kọ: “The custom stopped three lorry.” “We bought new furnitures.” “A nail entered my leg finger.” Sọ ìdí tí o fi yí ohun tí o yí padà.

Lọ sí ọjà tó súnmọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ná an. Kọ orúkọ ohun mẹ́wàá tí o rí lórí àtẹ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí o wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn, kí o sì sọ èyí tó ṣeé kà àti èyí tí kò ṣeé kà nínú wọn. Bí o bá rí ará Benin kan níbẹ̀, kí i dáadáa, kí o sì bi í ní orúkọ Faransé wọn pẹ̀lú.